Orí Karùn-ún: Bí Àwẹ̀ró Ṣe Kí Òjìji Odíìlì Kú Aráfẹ́rakù

Ìdí Àwẹ̀ró kò tíì balẹ̀ lórí àga nígbà tí òkú kí i.

"Ẹ káàárọ̀ o, màdáàmù. Ojú yín dàbí ojú ẹni tí kò sùn."

"Ẹ̀wà ni mo jẹ," ni Àwẹ̀ró fèsì, ó ń tún ìró rẹ̀ dì. "Ẹ̀wà kì í jẹ́ kí arúgbó sùn. Ẹ káàárọ̀, Mínísítà."

Bí ó ti fi gbogbo ara jókòó ni àga fọhùn lábẹ́ rẹ̀, púrù! Etí Òfin, ẹ̀rọ ìṣọ́ tí ó wà lórí tábìlì, tí ó rí roboto bí àgbọn, ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

"Àga ni o!" Àwẹ̀ró na ìka sí i. "Etí, àga ni. Kì í ṣe èmi."

Àlàbá tí ó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin náà ti ń bá Àwẹ̀ró ya fíìmù láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé. "Màmá, Etí kò bi yín ní nǹkan kan."

"Kò bi mí, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Lọ́jọ́ iwájú wọ́n á ní ìyá arúgbó kan só níwájú Mínísítà ilẹ̀ Faransé."

Òkú náà rẹ́rìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni, Àwẹ̀ró mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá na ọwọ́ sí i, ọwọ́ á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni na ọwọ́ sínú èéfín. Gbogbo ohùn tí Odíìlì Maréṣà fi sílẹ̀ láyé, gbogbo àwòrán rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kọ, ni àwọn onímọ̀ kó jọ tí wọ́n fi mọ òjìji yìí. Àmọ́ ẹ̀rín náà ní ìkọ́ kékeré kan níparí, bí ẹ̀rín ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀pà, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún Àwẹ̀ró pé ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Lójú Mínísítà, ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó ṣì jẹ́. Ọjọ́ tí ó kẹ́yìn sọ̀rọ̀ síwájú ẹ̀rọ ni ọgbọ́n òjìji rẹ̀ dúró sí, fèrèsé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń fi òkun hàn, òkun tí kò tíì gba ibi kankan. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ṣì lè bẹ̀rẹ̀ jó kí ó sì nàró láìpe ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ Faransé tí ó ń sọ ń gba inú Ògbufọ̀ kọjá, ìyẹn ẹ̀rọ bíńtín bí ìkarahun ìgbín tí ó lẹ̀ mọ́ etí Àwẹ̀ró. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ṣe Ògbufọ̀, nítorí náà bí ọmọ Ọ̀yọ́ gidi ni Mínísítà ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Kétu.

"Mo ti ń rò ó," ni òjìji sọ. "Èmi wà lára àwọn tí ó dìbò pé kí orílẹ̀-èdè kankan má ṣe ya fíìmù ìtàn ara rẹ̀ mọ́. Irọ́ ti pọ̀ jù. Olúkúlùkù ń fi ẹ̀rọ kun ojú baba rẹ̀ ní àtíkè. Mo rò pé àwọn ará Sípéènì ni wọn yóò fi wá lé lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé Kétu ni."

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni," ni Àwẹ̀ró wí. "Àwa ń wo ìpàkọ́ yín, ẹ̀yin náà ń wo tiwa. Ará ìlú yín kan ni ó wá ya tiwa lọ́dún tó kọjá, ewúrẹ́ ni ó fi ìdajì fíìmù náà ya, ó ní…"

Iná Etí kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ìyeyè. Àlàbá wú ikọ́. Àwẹ̀ró gbé ewúrẹ́ mì.

"Ó ní kí ni?" Mínísítà ti na ọrùn.

"Ewúrẹ́ ni, Mínísítà. Ẹ jẹ́ kó máa jẹko lọ."

Òkú kì í gbọ́ ìròyìn. Òfin tí kò ní àwáwí nìyẹn. Láti ìgbà tí àwọn kan ti sọ ìròyìn ìdìbò fún òjìji olóṣèlú kan, tí òkú bẹ̀rẹ̀ sí í polongo fún alààyè, ni wọ́n ti gbé Etí sínú gbogbo yàrá ìjíni tí a ti ń jí òkú. Béèrè ohun tí ó bá wù ọ́ lọ́wọ́ òkú. Má ṣe sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ fún un. Bí o bá sọ ọ́ tán, òjìji náà bàjẹ́ nìyẹn: wọn a pa á rẹ́, àti òun àti gbogbo fíìmù tí a ti ya lára rẹ̀, wọn a sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gbọ́n.

Ìbéèrè kan ló kù kí fíìmù Àwẹ̀ró parí. Torí ìbéèrè yìí ni wọ́n ṣe ń dúró dè é ní Párì. Àwọn arúgbó tí òkun gba ilé wọn ṣì ń fi orúkọ Odíìlì Maréṣà ṣépè, àwọn ọmọ wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí fíìmù bá jáde ni gbogbo wọn yóò jókòó papọ̀ wò ó, aṣépè àti ọmọ aṣépè.

Àwẹ̀ró tẹ̀ síwájú. Àga tún fọhùn, Àwẹ̀ró kò sì tọrọ gáfárà lọ́tẹ̀ yìí.

"Mínísítà, lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n má mọ odi, pé kí wọ́n jẹ́ kí òkun gba etíkun, èé ṣe tí ìlú yín, Kẹrmólù, fi ṣíwájú gbogbo ìlú?"

Obìnrin náà yí ojú sí fèrèsé.

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi àti Jùlíẹ́ǹ sí. Ìbejì ni wá. Kò níyàwó, kò bímọ, ilé bàbá wa ló fi ṣe aya. Àná ni mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ní òun kò lọ síbì kankan. Ó ní bí omi bá dé, kí ó bá òun lórí àga bàbá wa." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀. "Mo ń dúró de ìròyìn. Mo wá jókòó síwájú ẹ̀rọ yín, mo sì ń dúró de ìròyìn."

Ẹni tí wọ́n bá bí ní Kétu, tí wọ́n tọ́ ní Kétu, kò lè rí àgbàlagbà obìnrin tí ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n kí ó sì pa ẹnu mọ́. Ìkíni ni wọ́n fi tọ́ wọn. Wọ́n á kí ọ fún òjò, wọ́n á kí ọ fún oòrùn, wọ́n á kí ọ fún ìjókòó, wọ́n á sì kí ọ fún ìdìde. Ẹnu Àwẹ̀ró kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ orí rẹ̀.

"Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú aráfẹ́rakù. Olúwa kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́."

Kí ló ń kí i fún? Bóyá fún ìlú tí omi gbé mì. Bóyá fún ikú obìnrin náà fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó tíì kí i fún un. Àwẹ̀ró ìbá kí àga tí ó jókòó lé bí àga bá mí kanlẹ̀. Etí kò ṣẹ́jú. Àwọ̀ ewé ni iná rẹ̀ wà tónítóní, nítorí ìkíni kì í ṣe ìròyìn.

Ògbufọ̀ gbé ìkíni náà, ó fi Faransé dídán mọ́rán sọ ọ́.

Odíìlì Maréṣà yí ojú padà láti fèrèsé. Gbogbo ojú náà ti wó.

"Ó ti kú," ni ó wí. "Jùlíẹ́ǹ ti kú."

Àwẹ̀ró la ẹnu. Òkú kò dúró dè é.

"Èmi ni mo pa á." Òjìji kò wo ẹnikẹ́ni mọ́. "Ẹ béèrè ìdí. Ìdí nìyí. Owó tí ó wà lápò ìjọba kò lè mọ odi yípo gbogbo etíkun. Ìlú olówó nìkan ni wọn ìbá mọ ọ́n fún. Mo ní kí a má mọ ọ́n fún ẹnikẹ́ni, kí a kó ènìyàn, kí a fi ilé sílẹ̀. Mo sì kọ orúkọ ìlú mi ṣíwájú, kí ìyá kankan má baà sọ pé Mínísítà fi tirẹ̀ pamọ́ ó wá ń lé àwọn. Mo rò pé bí wọ́n bá rí i pé ilé bàbá mi ni mo kọ́kọ́ jọ̀wọ́, wọn á dìde. Wọn á yè. Gbogbo ènìyàn ni mo rò kàn. Jùlíẹ́ǹ nìkan ni mo gbàgbé pé olóríkunkun ni."

Ó wá sunkún. Kò sunkún bí ìjòyè. Ó ń sunkún bí obìnrin tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ohùn Àlàbá wọ etí Àwẹ̀ró, ó rẹlẹ̀, ó ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Màmá, ẹ má mí o. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Fíìmù wa rè é."

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti ń ya fíìmù, kò rí irú rẹ̀ rí. Ìdáhùn wà níbẹ̀, omijé wà níbẹ̀, gbogbo Párì ni yóò dáríjì í kí iná sinimá tó tàn.

Kìkì pé Jùlíẹ́ǹ kò kú.

Jùlíẹ́ǹ wà ní ìdí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, lákòókò yẹn gan-an, ó ń po ìyẹ̀fun. Àwọn atukọ̀ ni wọ́n gbé e kúrò nílé bàbá rẹ̀ tòun ti àga, ó ń bú wọn bọ̀. Ọkàn Odíìlì ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kí ọkọ̀ wọn tó gúnlẹ̀. Láti ibùdó kan sí ìkejì, Jùlíẹ́ǹ bá àwọn tí kò ní ìlú mọ́ dé Kùtọnu, ó sì ti Kùtọnu wọ Kétu. Òfin kò gbà kí ẹbí òkú fi ẹsẹ̀ tẹ yàrá ìjíni.

"Mo fẹ́ tọ̀," ni Àwẹ̀ró kígbe sí Etí.

Òfin kankan kò tíì borí ìyẹn. Òjìji dúró gbagidi nínú ẹkún rẹ̀, omijé kan dúró ní agbede méjì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwẹ̀ró jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àlàbá tẹ̀ lé e.

"Màmá, ẹ ò tọ̀?"

"Ìtọ̀ ti sá padà." Ó fara ti ògiri. "Àlàbá, mo ti parọ́ fún òkú."

"Ẹ kò parọ́. Ẹ kí i. Etí pàápàá gbọ́, kò sọ nǹkan kan."

"Etí ò ní ìyá! Kí ló mọ̀?"

"Ẹ fara balẹ̀." Àlàbá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Òjìji ni. Kò ní ọkàn tí yóò bàjẹ́. Ohun tí ó sọ nípa ìwé tí ó fọwọ́ sí, òótọ́ ni. A ti gbà á sílẹ̀. Ẹ padà wọlé, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí a tì í."

"Kí a tì í pẹ̀lú ẹkún yẹn."

Àlàbá náà mọ̀ ọ́n. Bí òjìji bá ṣe sùn ni yóò máa jí. Lẹ́yìn fíìmù, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Faransé ni yóò máa jí i láti bi í ní ìbéèrè, ọmọ tí ó bá sì jí i, ẹkún ni yóò bá lójú rẹ̀. Lọ́dọọdún. Fún ẹni tí ó wà láàyè.

"Bí kò bá ní ọkàn," ni Àwẹ̀ró wí, "kí ló fi ń sunkún?"

"Màmá, bí ẹ bá sọ ọ́, ohun gbogbo á parẹ́. Àwọn tí wọ́n ń ṣépè fún un á máa ṣé e lọ. Kò sí ẹni tí yóò tún gbọ́ ìdí rẹ̀ láéláé. Ṣé ẹ̀yin fẹ́ ṣe obìnrin yìí lóore ni, tàbí ẹ fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì?"

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára. Ó dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là díẹ̀, bí ojú ìyá tí ó rántí ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí.

"Etí kì í ka ìkíni sí ìròyìn, àbí?"

Ó ti wọlé kí Àlàbá tó dáhùn. Omijé Mínísítà parí ìrìn rẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì kí i bí wọ́n ti ń kí ìyá tí wọ́n fa ọmọ rẹ̀ yọ nínú kànga:

"Mínísítà, ẹ kú ewu o! Ẹ kú ewu omi! Ẹ kú ewu Jùlíẹ́ǹ! Ewu iná kì í pa àwòdì o!"

Etí wà ní àwọ̀ ewé. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun. Ògbufọ̀ gbé e, ó ta kókó nínú rẹ̀, ó wá sọ nǹkan kan.

Odíìlì gbé ojú pípọ́n sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ? Ẹ̀rọ yìí ní ẹ ń kí ewu pé ó káàárọ̀."

"Ha! Ẹ̀rọ àpà!" Àwẹ̀ró gbá etí ara rẹ̀ lábàrá. Ilẹ̀ Faransé ní ìkíni fún ẹni tí ikú bá jà, wọn kò ní ti ẹni tí ikú fò dá. Láti là á yé e, àfi kí ó sọ ọ́. Láti sọ ọ́, ìròyìn ni.

Ó wo Àlàbá. Àlàbá ń mi orí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ó wo Etí. Ó wo obìnrin tí ó jókòó síwájú rẹ̀, tí ó ń gbìyànjú láti fi ìka nu ẹkún kí ó lè dà bí mínísítà níwájú àlejò. Àwẹ̀ró náà ní àbúrò. Ìyẹn náà lóríkunkun.

"Mínísítà," ni ó wí jẹ́jẹ́, "Jùlíẹ́ǹ kò kú."

Àwọ̀ ìyeyè. Lẹ́yìn rẹ̀, pupa. Etí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Àlàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pa òjìji rẹ́. Bàtà Odíìlì kọ́kọ́ lọ. Ó wò ó bí ó ti ń lọ, ó lóye, kò sì kígbe.

"Kò kú?"

"Kò kú! Wọ́n gbé e tòun ti àga. Ó wà ní ìlú yìí, kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí. Ó ti darúgbó, irun etí rẹ̀ gùn ju ti orí rẹ̀ lọ. Ó ń ṣe búrẹ́dì tà."

"Jùlíẹ́ǹ? Búrẹ́dì?" Orúnkún rẹ̀ ti lọ. "Jùlíẹ́ǹ kò lè gbé omi kaná!"

"Òkúta ni búrẹ́dì náà, Mínísítà. Nítorí Ọlọ́run la ṣe ń rà á. Eyín mi kan wà nínú rẹ̀ títí dòní."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu òkú, tòun ti ìkọ́ kékeré rẹ̀ níparí. Itan rẹ̀ lọ, ìbàdí rẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ó fi ìdajì ọwọ́ tí ó kù di ẹnu. "Ṣé ó ń dárúkọ mi?"

"Lójoojúmọ́. Ó ní àbúrò òun ni yín."

"Kí ni?"

"Ní Kétu, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì ni àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣàlàyé ìyẹn fún un kò fẹ́ padà sílé mọ́. Kẹ́yìndé ni gbogbo ìlú ń pè é, a ń kúnlẹ̀ kí i."

"Irọ́ ni!" Mínísítà ilẹ̀ Faransé ti nàró lórí ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́, ojú rẹ̀ ń tàn. "Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde! Èmi ni ẹ̀gbọ́n! Ìyá wa sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú! Ẹ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, ẹ ní èmi Odíìlì ni mo wí bẹ́ẹ̀, ẹ ní bí mo bá rí i…"

Ẹnu ló kẹ́yìn lọ. Fèrèsé òkun kú tẹ̀ lé e, yàrá sì di yàrá.

Àlàbá na ọwọ́ fa kámẹ́rà mọ́ra láti ilẹ̀ tí ó jókòó sí. Nígbà tí ó ṣí kámẹ́rà wò, òfìfo ni gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn títí dé ìparí. Àwẹ̀ró dúró kí ó bú òun. Ó yẹ kí ó bú òun.

"Etí ni mo ń wò," ni Àlàbá wí níkẹyìn. "N kò wo ojú rẹ̀. Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó ń jà," ni Àwẹ̀ró dáhùn. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, egungun àwọn méjèèjì sì dún papọ̀.

Oòrùn ti gun orí nígbà tí Àwẹ̀ró dé ìdí Àkàbà Ìdẹ̀nà. Jùlíẹ́ǹ dúró sẹ́yìn tábìlì, ìyẹ̀fun dé igbọ̀nwọ́. Ó gbé ojú sókè, ó sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ kí ó tó fẹnu kan nǹkan kan.

"Ìyá Fíìmù," ni ó wí, Yorùbá rẹ̀ ń gba imú jáde. "Kò sí fíìmù mọ́."

"Kò sí mọ́, Bàbá Kẹ́yìndé. Ẹnu mi ni. Mo sọ fún un pé ẹ wà láàyè."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìyẹ̀fun.

"Ó sọ ìdí tí ó fi kọ orúkọ Kẹrmólù ṣíwájú," ni Àwẹ̀ró tẹ̀ síwájú, ó sì sọ ọ́ bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́, kò fi ẹyọ kan pamọ́: odi, owó, àwọn ìyá, ilé bàbá wọn. Bàbá arúgbó náà ń gbọ́, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ó ń gba ẹrù lé orí. "Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé ẹ ní ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló wí?"

"Ó ní irọ́ lẹ ń pa. Ó ní òun ló kọ́kọ́ jáde, ìyá yín sì sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú. Inú bí i débi pé ó gbàgbé pé òun ń parẹ́. Ó ní bí òun bá rí yín…"

Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ lọ́fun Jùlíẹ́ǹ, kò sì parí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rín. Ó wá àga, kò rí i, ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun. Ó nu ojú, ojú sì funfun báláú.

"Tún un sọ," ni ó wí.

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Ibi tí inú ti bí i. Má kàn sọ ọ́. Ṣe é bí ó ṣe ṣe é."

Àwẹ̀ró gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ìró dì, ó fa ikùn wọlé tó bí ikùn ṣe gbà, ó na ọrùn bí mínísítà. Àwọn tí wọ́n wá ra búrẹ́dì dúró wò ó. Ó na ìka sí bàbá arúgbó tí ó jókòó lórí àpò, ó sì fi gbogbo agbára ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kígbe pé irọ́ ni.